Owó Orí Ṣáájú, Ilé-Ìwé Tẹ̀lé E: Ohun Tí Ìdìbò 1954 àti 1956 Kọ́ Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Bí bàbá àgbà mi bá ń sọ ìtàn bí òun ṣe wọ ilé-ìwé, á gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí orí, á sì fi ìka kan etí òsì. "Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mo ti tó," ni yóò wí. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni, ní Ìsẹ́yìn. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ni tíṣà gbà pé ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ bàbá àgbà kàn án, ó sì wọlé. Bàbá rẹ̀, tí ó ń ro oko lójò tí ó sì ń hun aṣọ òkè lẹ́ẹ̀rùn, kò san kọ́bọ̀ fún owó ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kì í parí ìtàn náà síbẹ̀. Ó ní ní ìparí ọdún tí ó ṣáájú, bàbá òun yìí kan náà ti dìbò fún ẹgbẹ́ kejì, kì í ṣe fún ẹgbẹ́ tí ó ṣí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó fi dá mi lóhùn: "Owó orí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé báwo ni ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ṣe oore fún àgbẹ̀ ṣe lè pàdánù àgbẹ̀, àti pé báwo ni ó ṣe lè rí i gbà padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1952 ni Action Group, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí àmì ìdìbò rẹ̀, ti ń ṣe ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni aṣáájú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá kalẹ̀ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1955. Àbá náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í hù bí olú. A ní láti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ní láti kọ́ tíṣà, gbogbo rẹ̀ sì ń fẹ́ owó. Ìjọba wá bù lé owó orí: ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó orí, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ Òkè-Ògùn nígbà náà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí títí lọ dé Kíṣí. Kókó tí ó sọ àwọn ará ìsàlẹ̀ di ọlọ́rọ̀ kì í ṣe irè ilẹ̀ wa. Iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo, òwú àti tábà ni wọ́n ń gbìn. Ṣílè mẹ́wàá kì í ṣe owó kékeré lójú ẹni tí ó ń ru iṣu lọ sọ́jà. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí wọ́n gba owó náà fún kò tíì sí níbì kan tí ojú lè rí i. Agbowó-orí ti dé abúlé kí tíṣà tó dé. Owó ti jáde lápò bàbá, ọmọ sì wà lóko síbẹ̀ tí ó ń lé ẹyẹ. Ta ni yóò gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ sì ni. Àwọn ènìyàn wa ní ohun tí wọ́n kà sí ọ̀wọ̀, tí ẹni bá fọwọ́ kàn án, oore rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Ní 1954, lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn Aláàfin ni ó gba inú NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ, lọ. Òkè-Ògùn wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn gbogbo ohun tí Aláàfin ń ṣe lè bínú pé wọ́n fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú ọba. Àwọn àgbà sì rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Òkèihò àti Ìsẹ́yìn ní 1916, nígbà tí àwọn ará ìlú dìde sí ètò ìṣàkóso tuntun àti ilé-ẹjọ́ tuntun tí ìjọba àmúnisìn gbé lé wọn lórí láìbi wọ́n léèrè. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ni ó ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì mú Òkèihò kúrò lórí òkè wá sí ibi tí ó wà lónìí. Ìlú tí ó ní irú ìrántí yìí kì í fi ìrọ̀rùn gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé, "Ẹ ṣáà san án, ire yín ni."

Nígbà tí wọ́n ka ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí 1954, nínú àga 42 tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC mú 23, Action Group sì mú 18. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba fìdí rẹmi nínú ilé ara rẹ̀.

Ibi yìí ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo. Ó rọrùn fún ẹni tí ó fìdí rẹmi láti sọ pé àwọn ará oko kò mọ̀wé, pé wọn kò mọ ohun tí ó dára fún wọn. Ẹgbẹ́ náà ì bá tún sọ pé, "Ẹ kò dìbò fún wa, a ti pa ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tì." Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí, fún ọmọ ẹni tí ó dìbò fún wọn àti ọmọ ẹni tí kò dìbò fún wọn. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò tó 500,000 ní 1954. Ní 1955 ó ti lé ní 800,000. Ìjọba tún ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwòsàn rẹ̀. Ní báyìí, bí agbowó-orí bá dé, bàbá lè na ìka sí ilé alámọ̀ tí a fi páànù bò, kí ó sì sọ pé, "Ibẹ̀ ni owó mi wà."

Ẹgbẹ́ náà kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn akọ̀wé tí ẹgbẹ́ ń sanwó fún láti máa káàkiri ìgbèríko, kì í ṣe ní ọdún ìdìbò nìkan. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ létí àwọn ènìyàn pẹ̀lú, Afẹ́nifẹ́re, kò nílò ògbufọ̀: ẹni tí ó ń fẹ́ kí ó dára fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Nígbà tí ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ agbègbè dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, Action Group mú 48 nínú àga 80, NCNC mú 32.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń yin ẹgbẹ́ kan. Rárá o. Àga 32 kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ìlú kò padà sẹ́yìn wọn. Ilé-ìwé tí a fi ìkánjú ṣí ní àléébù tirẹ̀: tíṣà kò tó, àwọn mìíràn kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn òbí Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Kristẹni. Wọn kò kọ ìwé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí ọmọ jáde nílé pẹ̀lú orúkọ kan, kí ó sì fi òmíràn wálé. Ní 1957, àwọn Mùsùlùmí kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, National Muslim League. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tí yóò máa rí sí ìtọ́jú àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: a kò fi ìbínú dá ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń dùn lóhùn, ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni a bá a ṣe.

Ó dunni pé wọn kò rántí ẹ̀kọ́ yìí pẹ́. Ìjà inú ẹgbẹ́ ní 1962 àti èrú ìdìbò 1965 ba ìfọkàntán jẹ́ pátápátá. Ní 1968 àti 1969, owó orí tún dá wàhálà sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà sì dìde. Ìbọn kò parí ọ̀rọ̀ náà. Awólọ́wọ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Akánrán, wọ́n sọ̀rọ̀ lójúkojú, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Àgbẹ̀ tí ó kọ̀ láti gbọ́ ti ọmọ ogun gbọ́ ti ẹni tí ó wá jókòó tì í.

Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni ó wà ní Òkè-Ògùn, ìbò wa sì níye lórí. Nítorí náà ni àwọn olóṣèlú fi ń wá pẹ̀lú ìrẹsì àti àǹkárá bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gbà á, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára ohun méjì mìíràn. Ọ̀kan ni ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ó fi ojú àwọn arìnrìn-àjò rí màbo kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe láìpẹ́ yìí. Èkejì ni ìsédò Ìkẹ́rẹ́ lórí odò Ògùn, tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, tí a retí pé yóò fún wa ní iná àti omi oko. Omi wà níbẹ̀. Iná tí a ń retí kò tàn. Àgbẹ̀ tí ó ń kọjá lára méjèèjì kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní òṣèlú.

Bí ẹgbẹ́ kan bá bi mí léèrè ohun tí yóò ṣe kí àwọn ará oko lè tún gbọ́ tirẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo máa sọ. Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí yóò fi ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ lásán. Ẹ má ṣe fi ọba, ẹ̀sìn àti orúkọ ọmọ wọn ṣeré. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe. Ẹ sì wá ní ọdún tí kò sí ìdìbò.

Mo tún bi bàbá àgbà léèrè pé ta ni bàbá rẹ̀ dìbò fún ní 1956. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àṣírí ni ìbò. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti kúrò nídìí òfì, á pe òun, á ní kí òun gbé ìwé wá, kí òun ka ohun tí wọ́n kọ́ àwọn lónìí fún òun. Bí ó bá kà á tán, bàbá á ní kí ó tún un kà.