A Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọba Làágùn

Bí ènìyàn bá dúró sí ojú ọ̀nà ní Modákẹ́kẹ́ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, yóò rí bí àwọn ará ìlú ti ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ a gba ọ̀nà oko kòkó lọ. Àwọn mẹkáníìkì a ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn olùkọ́ a kọrí sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akọ̀wé a sì kọrí sí ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wọ̀nyí. Òun ni akápò ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí ẹgbẹ́ bá pe ìpàdé ní agogo mẹ́rin, òun ni yóò kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́wàá ni ó tó dé ọ́fíìsì ìjọba. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga kí àwọn ènìyàn lè rò pé kò jìnnà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí a bá bi í léèrè, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀: a kì í ṣe iṣẹ́ ọba làágùn.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ di méjì. Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ti jókòó ti ìbéèrè yìí, ohun tí wọ́n sì rí yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la mọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀lẹ ni àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ká ní ìgbà àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá sí Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì fi gbé ara wọn ró láàárín àwọn tí ó gbà wọ́n sílé. Láàárín ọdún 1840 sí 1850 ni Ọọ̀ni Abẹ́wéilá fún wọn ní ilẹ̀ tí ó di Modákẹ́kẹ́. Àwọn àgbà sọ pé igbe ẹyẹ àkọ̀ tí ó pa ìtẹ́ sórí igi ńlá kan níbẹ̀ ni a fi sọ ìlú náà lórúkọ. Ẹni tí ó sá fún ogun kì í gbé owó púpọ̀ dání. Apá rẹ̀ àti apá aládùúgbò rẹ̀ ni ọrọ̀ tí ó ní.

Ní ayé ìgbà náà, àáró àti ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ tí ó bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ìyípo: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ a bẹ àwọn ènìyàn, a sì fi oúnjẹ àti ohun mímu dá wọn lọ́lá. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ètò àwùjọ wa, parí ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1970. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ àjọṣe wa ní òfin tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíràn mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọba pàápàá kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a máa ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ta ni ó bu ẹwà náà sí i? Àwọn ará ìlú ni, tí wọ́n jáde láti àdúgbò gbogbo, tí wọ́n po amọ̀, tí wọ́n sì ru koríko. Wọ́n làágùn níbẹ̀, nítorí pé ààfin ọba wọn ni, ògo rẹ̀ sì ni ògo wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọba mìíràn dé, èyí tí ó ti òkè òkun wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ọ̀nà mọ́tò, ó sì fẹ́ àwọn tí yóò ru ẹrù. Wọ́n a pàṣẹ fún àwọn ọba àti ìjòyè, àwọn wọ̀nyí a sì kó àwọn ènìyàn jáde, nígbà púpọ̀ láìsí owó iṣẹ́. Ní ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ihò dìde sí ìjọba. Ní ọdún 1918, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Owó orí wà lára ohun tí ó bí àwọn Ẹ̀gbá nínú, iṣẹ́ àfipáṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 1931 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí ó lòdì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí a fi ipá mú ṣiṣẹ́ a máa kọ́ ọgbọ́n kan: kí ó gbé ọkọ́ sókè nígbà tí ọ̀gá bá ń wò, kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá yí ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni òwe wa rí ẹsẹ̀ fi dúró. Ohun ìjà aláìlágbára ni.

Àwọn òyìnbó tí ó ni ilé iṣẹ́ kò ro ti ìtàn yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé ọ̀lẹ ni a bí ènìyàn dúdú. Peter Kilby, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní àwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé níbi tí a bá ti ṣètò iṣẹ́ dáradára, tí a sì ń san owó ní ìbámu pẹ̀lú iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, òṣìṣẹ́ wa kò rẹ̀yìn. Nígbà púpọ̀, ọwọ́ àwọn tí ń ṣàkóso ni àbùkù wà.

Ní ọdún 1975, Peter Ekeh, ọmọ Ùròbò tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ọ̀rọ̀ tí ó bá akọ̀wé wa mu gan-an. Ó ní àwùjọ méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ti ìlú àti ẹbí rẹ̀. Níbẹ̀, ìtìjú wà, ẹ̀rí-ọkàn sì ń sọ̀rọ̀. Èkejì ni ti ìjọba tí àwọn aláwọ̀ funfun dá sílẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn lè mú láìfún, kí ó sì gbé ohun tí ó mú lọ sílé, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yìn ín. Kì í ṣe pé akọ̀wé wa kò ní ìwà. Ìwà rẹ̀ ni kò bá a dé ọ́fíìsì.

Ẹ wo àwọn mẹkáníìkì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Sara Berry, obìnrin ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà, bá àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀. Ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún 1985, orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí pé àwọn bàbá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa jí dé kí ọ̀gá tó dé. Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀bi tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń rí ọ̀la ara rẹ̀ nínú òógùn rẹ̀, nítorí pé yóò gba òmìnira, yóò sì di ọ̀gá.

Ǹjẹ́ kí a sọ pé ìtàn ti dá akọ̀wé wa láre? Rárá o. Àlàyé kì í ṣe àwáwí. Ọba àjèjì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Fáìlì tí akọ̀wé fi sábẹ́ àga lè jẹ́ ti olùkọ́ àgbà kan tí ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì. Oògùn tí a jí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ìyá ẹnì kan ni ó yẹ kí ó lò ó, bóyá ìyá ẹni tí ó jí i gan-an. Ìjà tí àwọn baba wa fi ìmẹ́lẹ́ bá ẹni tí ń fi ipá mú wọn jà, ara wa ni a ń fi jà báyìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn tí ó wà lókè. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí owó oṣù wọn gbà ní pípé, oṣù sì ń gun orí oṣù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a làágùn fún òun, kí ó san owó òógùn náà. Àwọn tí ń ṣe ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́ kò gbàgbé láti se oúnjẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò fún yín ní àga, tábìlì àti kọ́kọ́rọ́ kan. Lọ́jọ́ náà, ẹ rántí àwọn tí wọ́n po amọ̀ ilé ọba, tí wọn kò sì ka òógùn wọn sí òfò. Tiyín ni ààfin náà nísinsìnyí. Bí ó bá jó, ẹ̀yin ni ẹ óò sùn sí ìta. Bí ẹ bá sì tún un kọ́, ẹ̀yin náà ni ẹwà rẹ̀ yóò hàn lára yín.