Adùn Ọbẹ̀, Iṣẹ́ Imú

Àwọn àgbà ní, “Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.” Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé mọ̀ pé òótọ́ ni: ẹran, ẹja gbígbẹ, edé àti epo, kò sí èyí tí wọ́n ń ta lọ́pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ni owó ń kó èròjà sí. Bí ọbẹ̀ náà ṣe wá ń dùn lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, imú ló sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun tí ahọ́n mọ̀ kò pọ̀: dídùn, kíkan, kíkorò, iyọ̀, àti ọ̀kan tí mo ń bọ̀ wá sọ. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa níléèwé pé iwájú ahọ́n ló ń mọ dídùn, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń mọ kíkorò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibikíbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtọ́wò bá wà lórí ahọ́n, máràrùn-ún ni wọ́n ń mọ̀ níbẹ̀. Ata kò sí nínú márùn-ún yìí. Iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan ń jó ara ni ata ń jí, ìdí nìyí tó fi ń ta ojú tí kò mọ adùn. David Julius tó ṣàwárí èyí ní ọdún 1997 wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ìtọ́wò karùn-ún ló sún mọ́ ìkòkò wa jù. Ní ọdún 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kẹ́míkà ní Tokyo, ń wádìí ohun tó ń mú omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi kombu, ewéko inú òkun, sè dùn. Glutamate ló bá níbẹ̀, ó sì pe ìtọ́wò rẹ̀ ní umami. Nígbà tó di 1909, wọ́n ti ń tà á: Ajinomoto tí gbogbo ọjà wa mọ̀ nìyẹn. Irú sì ti wà nínú ọbẹ̀ wa kí Ajinomoto tó dé. Bí a bá se èso igi irúgbá, tí a bó o, tí a tún un sè, tí a wá bò ó mọ́lẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Bacillus a máa tú puróténì inú rẹ̀, glutamate a sì jáde. Òórùn rẹ̀ náà, ọwọ́ wọn ló ti wá. Ó ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sá fún irú nítorí òórùn yìí.

Lókè ihò imú, nísàlẹ̀ ọpọlọ, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì òórùn wà. Linda Buck àti Richard Axel ló fi jíìnì wọn hàn ní 1991, Nobel ọdún 2004 sì ni èrè wọn. Nǹkan bí 400 oríṣi ohun tí ń gba òórùn ló wà nímú ènìyàn, òórùn kan sì lè jí púpọ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan, bí ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ṣe ń dún pọ̀ tí etí fi ń gbọ́ ìlù kan. Òórùn kì í sì í gba iwájú imú nìkan wọlé. Bí a bá ń jẹun, ó ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè. Ẹ fi ọwọ́ pa imú yín, kí ẹ jẹ ọsàn: dídùn àti kíkan nìkan lẹ ó mọ̀. Ẹ ṣí imú, ọsàn á dé.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn Kòrónà mú fi ń sọ pé oúnjẹ ò ládùn mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì òórùn ró ni àrùn náà ń kọlù.

Ọjọ́ orí náà a máa mú imú rẹ̀wẹ̀sì ju ahọ́n lọ. Ìyá àgbà tó ń ráhùn pé ọbẹ̀ aya ọmọ òun kò ládùn lè máà parọ́, aya ọmọ náà sì lè máà jẹ̀bi. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń bù kún un, ó sì léwu fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, pẹ̀lú ata díẹ̀, ni kí a fi kún ìkòkò ìyá, torí ahọ́n wọn ṣì ń mọ glutamate, ata kò sì nílò imú kó tó ta.