Ìdàpọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fúláwà ní Nàìjíríà

Èyí ni bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra àlìkámà tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ ṣe ń ra ara wọn. Olam ra Crown Flour Mills ní 2010, ó ra ilé ìlọ̀ fúláwà BUA ní 2016, ó sì gba Dangote Flour Mills ní 2019. Ní 2022, Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Honeywell Flour Mills. Òfin ìdíje ti 2018 ló fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje láàárín oníṣòwò, láṣẹ láti fọwọ́ sí irú ìdàpọ̀ báyìí tàbí kó dá a dúró.

Oníbékàrì ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ń kàn. Ní Ìyànà-Ìbà tàbí Okokomáíkò ní Èkó, àpò Golden Penny, fúláwà Flour Mills of Nigeria, àti ti Honeywell lè wà lórí ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan náà: orúkọ méjì, olówó kan. Kò sí pé à ń fi iye ọ̀kan ná èkejì mọ́. Ẹni tuntun kò sì lè ṣàdédé wọ òwò náà, nítorí òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ká má purọ́ ṣá, ìdàpọ̀ nìkan kọ́ ló sọ búrẹ́dì di ọ̀wọ́n. Náírà tó já wálẹ̀ àti ogun Ukraine dá kún un.