Láti Orí Òkúta Ibojì dé Orílẹ̀: Itẹ́ Òkú Ajẹ́lẹ̀ àti Wíwá Ìran Àwọn Sàró ní Èkó

Kí itẹ́ òkú tó dé Èkó, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí. Ọmọ tí ó bá ń béèrè bàbá ńlá rẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà: yàrá tí wọ́n sin ín sí wà níbẹ̀, ẹnu àwọn ìyá ilé sì kún fún oríkì rẹ̀. Ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì àti òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé òkú jáde lọ sí ilẹ̀ gbogbogbòò, tí òkúta tí a fín orúkọ sí fi wá gba ipò ẹnu wọ̀nyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òkúta náà nìkan kò lè mú ni délé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wálé, tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, tí wọ́n sì sin sí itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó ń jẹ́ Samuel Crowther kí wọ́n tó fi orúkọ náà ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní Sierra Leone ní 1825. Àjàyí pàápàá, àmútọ̀runwá ni. Ó sọ bí ọmọ ṣe wáyé, kò sọ ìlú rẹ̀. Lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 ni ó dárúkọ Ọ̀ṣóògùn, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, ó di Hannah. Ta ni ì bá ka Hannah nínú ìwé ìjọ, tí yóò mọ̀ pé Afala ni?

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni okùn ìran ti sábà máa ń já. Abigail, ọmọ Crowther, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, olùdásílẹ̀ CMS Grammar School. Àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay, tí ibojì rẹ̀ wà ní Ìkòyí láti 1946. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, itẹ́ òkú méjì: kò sí ohun tí ojú lè rí lórí orúkọ méjèèjì tí ó fi hàn pé bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ ni wọ́n. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìrìbọmi ni yóò so wọ́n pọ̀. Láàárín àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti Brazil padà wálé, ó sàn díẹ̀ fún àwọn kan: João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kò jẹ́ kí orúkọ ilé sọnù láàárín ti Potogí.

Ní 1971, lábẹ́ ìjọba Mobolaji Johnson, wọ́n sọ ilẹ̀ Ajẹ́lẹ̀ di ọgbà sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí wá hú òkú wọn. Crowther rí ìjọ tí ó gbé e lọ sí Kátídírà Krístì ní Marina. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun ńkọ́? Àdánù ńlá ni, ó sì dùn mí títí di òní, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni a ti lè rí àwọn Sàró àkọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí ìwádìí yí ẹsẹ̀ padà. Kí olùwádìí kọ́kọ́ lọ bá obìnrin tí ó dàgbà jù nílé, kí ó béèrè oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé. Ẹbí tí wọ́n bá ń kì ní ọmọ Ọlọ́fà, Ọ̀fà ni kí a yíjú sí, bí orúkọ wọn tilẹ̀ ń jẹ́ Williams. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé ohun tí ó gbọ́ lọ síwájú ìwé ìsìnkú ìjọ, kí ó máa fi ọdún àti orúkọ ìyàwó wé ara wọn.