Ìmọ́tótó Ààrò ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìmọ́tótó ààrò ni iṣẹ́ kíkó eérú, ọ̀rá tó ti jóná, dúdú èéfín àti èérún oúnjẹ kúrò nínú ohun tí a fi ń dáná tàbí tí a fi ń yan nǹkan. Ní Igbódìgò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ìpínlẹ̀ Òǹdó, àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ohun tí à ń pè ní ààrò pọ̀: ààrò olókùúta mẹ́ta, ààrò tí wọ́n fi ń yan pupuru, ààrò búrẹ́dì, àti ààrò onílẹ̀kùn tó ń lo gáàsì tàbí iná mànàmáná. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìdọ̀tí wọn ń gbà kúrò: kí a ha á, kí a fi ohun tó ń jẹ ọ̀rá pa á, tàbí kí a fi iná sọ ọ́ di eérú.

Bí ìdọ̀tí ṣe ń dì

Epo tó bá ta sára ògiri ààrò kì í gbẹ bí omi. Ooru á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó ń fà bí oje igi. Bí iná bá tún bà á lọ́jọ́ kejì, á le, á dúdú, agbára ọṣẹ lásán kò sì ní ká a mọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí a fi àkísà tútù nu ààrò nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí epo ọjọ́ náà tó dì.

Ààrò àbáláyé

Pupuru wà lára oúnjẹ tí a mọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ́. Wọ́n á bó pákí, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sì tò ó sórí pẹpẹ lókè iná títí yóò fi gbẹ. Èéfín á kun ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha dúdú yìí kúrò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ. Pẹpẹ náà fẹ́ híha látìgbàdégbà, nítorí ohun tó bá já bọ́ lára rẹ̀, orí oúnjẹ ni yóò bọ́ sí.

Eérú tí wọ́n bá kó kì í ṣe ìdọ̀tí pátápátá. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ẹyìn inú rẹ̀ tán, tàbí èèpo kòkó, tí wọ́n sì fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, omi náà á máa jẹ ọ̀rá. Òun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Ohun kan náà ni kọ́sítíìkì sódà ń ṣe nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ààrò lóde òní: ó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, omi á sì gbé e lọ.

Ààrò búrẹ́dì

Ní ọdún 1921 ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì ti ń tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú kéékèèké. Nínú ààrò alámọ̀ tàbí oníbíríkì, inú ibi tí búrẹ́dì yóò wà gan-an ni wọ́n ti ń dáná igi. Òrùlé rẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti pọ̀ tó, dúdú náà á jó tán, amọ̀ á tún hàn. Wọ́n á wọ́ ẹyin iná jáde, wọ́n á fi àpò tútù tí wọ́n so mọ́ igi nu ilẹ̀ rẹ̀, kí búrẹ́dì tó wọlé. Irú ààrò yìí ti ń fi iná fọ ara rẹ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ààrò tó ń fọ ara rẹ̀ jáde.

Ààrò tó ń fọ ara rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé ààrò oníná mànàmáná tó ń fọ ara rẹ̀ jáde ní 1963. Ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa, inú á gbóná dé nǹkan bí 500°C fún wákàtí méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá á di eérú tí àkísà tútù lè kó. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ àwọn pẹpẹ onírin inú rẹ̀ àti èérún ńlá kúrò, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ẹ gbé ẹyẹ ilé jìnnà, torí èéfín rẹ̀ lè pa á.

Oríṣi kejì ní ògiri tó rí ṣákaṣàka, tó ń jó ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń yan nǹkan. A kì í ha irú ògiri bẹ́ẹ̀, a kì í sì í fi oògùn sí i. Oríṣi kẹta ń lo ooru omi gbígbóná. Ìdọ̀tí fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ń rọ̀.

Ìfọwọ́fọ̀

Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó, ti Òkìtìpupa náà wà níbẹ̀, lo ọdún púpọ̀ láìní iná ìjọba lẹ́yìn 2014. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé ààrò oníná fún wákàtí mẹ́ta. Gáàsì ló wọ́pọ̀, ọwọ́ ni a sì fi ń fọ̀ ọ́.

Ẹ ti orí sìlíńdà, ẹ jẹ́ kí ààrò tutù, ẹ yọ pẹpẹ onírin inú rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ẹ po bákìn sódà mọ́ omi díẹ̀ kó ki, ẹ fi kun ògiri, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ tàbí ike ha á, ẹ fi àkísà tútù nù ún léraléra. Kànrìnkàn onírin máa ń họ ògiri àti díńgí ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi la ihò tí iná ń gbà jáde. Iná tó mọ́ máa ń jó búlúù, èyí tó ń jó pupa rúsúrúsú máa ń kun ìkòkò dúdú.

Ẹni tó bá lo kọ́sítíìkì sódà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó dáàbò bo ojú rẹ̀, kó má sì jẹ́ kó kan alumíníọ́mù, nítorí yóò jẹ ẹ́. A kì í po Jik tàbí Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà: afẹ́fẹ́ olóró ló ń ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn tí a bá tún gbogbo rẹ̀ tò, kí a fi ìfóófòó ọṣẹ kun ẹnu rọ́bà gáàsì. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí i títí a ó fi tún un ṣe.