Ilé Ìpamọ́ Ìwé Lójú Ọ̀nà Jonesboro

Jonesboro ni olú-ìlú káńtì Clayton, ní gúúsù Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ ni wọ́n ti jà ní 31 Oṣù Kẹjọ àti 1 Oṣù Kẹsàn-án 1864, kí Atlanta tó ṣubú. Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ jù ládùúgbò náà wà ní Morrow tó súnmọ́ ọn, lójú pópó tí wọ́n ń pè ní Jonesboro Road. Ilé ìpamọ́ ìwé ńlá méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti ìpínlẹ̀ Georgia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1918, kó débẹ̀ ní 2003. Ilé gíga aláìnífèrèsé tó ń lò tẹ́lẹ̀ ní Atlanta ni wọ́n fi ẹ̀tù wó ní 2017. Èkejì jẹ́ ẹ̀ka ti ìjọba àpapọ̀, tó dé ní 2005, tó ń tọ́jú ìwé ìpínlẹ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ náà ni ojúlówó káàdì ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ti àwọn ọkùnrin bíi mílíọ̀nù 24 wà, láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní.

Ní tèmi, nínú gbogbo ìwé ilé ìjọba àpapọ̀ yìí, ìwé ọkọ̀ ojú omi Savannah, èbúté kan ní Georgia, ló wúwo jù. Òfin 1807 ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kó wọn láti èbúté kan sí òmíràn nínú ilẹ̀ náà. Ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ga tó, àwọ̀ ara rẹ̀, àti olówó tó ni ín. Orúkọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, láìsí ti bàbá. Ọjọ́ orí, gíga àti orúkọ olówó ni ẹni tó ń tọ orírun ẹbí rẹ̀ yóò fi máa wá a kiri nínú ìwé mìíràn.

Ìpamọ́ láìsí àyè fún ará ìlú, ìdajì iṣẹ́ ni. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni ilé Georgia ń ṣí nígbà tó fi máa di 2012. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Brian Kemp, Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ nígbà náà, kéde pé nítorí àìtó owó, ẹni tó bá gba àyè tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa wọlé láti 1 Oṣù Kọkànlá. Àwọn òpìtàn àti àwọn tó ń wá orírun wọn figbe ta, igbe náà sì détí ìjọba: Gómìnà Nathan Deal wá 125,000 dọ́là kí ilẹ̀kùn má bàa tì. Ní Oṣù Keje 2013, ilé náà bọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Virtual Vault ni Georgia ń lò: máàpù, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́tò àtijọ́ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí irú iṣẹ́ yìí yóò bá wúlò fún ẹni tó ń fi fóònù ra dátà díẹ̀díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú ìwé fi ń pa àwòrán TIFF ńlá mọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń gbé àwòrán JPEG kékeré síta. Síbẹ̀, àwòrán ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí afọ́jú kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá orúkọ kò ní rí i. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí ohun tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ìlànà WCAG 2.1 mu, kí aláàbọ̀ ara lè lò ó.

Nàìjíríà náà ní ilé ìpamọ́ ìwé tirẹ̀: òpìtàn Kenneth Dike ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954. Èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló ń tọ́jú ìwé ìjọba amúnisìn nípa ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì dórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní ọ̀nà kan tó yẹ kí Ìbàdàn wò, tí wọ́n ń pè ní Citizen Archivist: ẹni tó bá lè ka ìkọ̀wé àtijọ́ á forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á mú ojú-ìwé kan, á sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.