Oògùn Wárápá àti Ihò Sódíọ̀mù
Wárápá kì í ràn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1987 fi hàn pé bíi èèyàn 5 nínú 1,000 ló ní in ní Igbó-Ọrà.

Ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ihò wínníwínní tí sódíọ̀mù, ọ̀kan nínú èròjà iyọ̀, ń gbà wọlé kí sẹ́ẹ̀lì tó lè ránṣẹ́ síra wọn. Bí púpọ̀ wọn bá ránṣẹ́ láṣejù lẹ́ẹ̀kan náà, wárápá lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀.

Oògùn phenytoin, tí Merritt àti Putnam fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938, àti carbamazepine máa ń dí ihò wọ̀nyí lọ́wọ́ àṣejù. Wọn kì í wo wárápá sàn, wọ́n ń dá a lẹ́kun ni. Ẹni tó bá ṣàdédé pa wọ́n tì láìgbàṣẹ dókítà, wárápá lè gbé e léraléra.